Ibi tí Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá Wà nínú Ìgbé-ayé Àwọn Ará Ọsirélíà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akọ̀ròyìn, àwọn olóṣèlú àti àwọn onímọ̀ ìtàn ilẹ̀ Ọsirélíà ti ń gbé yẹ̀wò láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, tí wọn kò sì tíì fẹnu kò lé lórí títí dòní, èyí ni pé ṣé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, irú èyí tí gbogbo ayé ń gbá, bá àṣà eré ìdárayá wọn mu, àbí nǹkan àjèjì tí kò lè wọ̀ wọ́n lára ni. Létí ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Àjàṣẹ́, ìbéèrè náà fẹ́ẹ̀ jọ ẹ̀fẹ̀, nítorí pé Òyìnbó ló gbé bọ́ọ̀lù dé ilẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń bèèrè lónìí bóyá ó bá Yorùbá mu. Àmọ́ ní Ọsirélíà, àwọn tí baba ńlá wọn wá láti Ìlú Ọba gan-an, níbi tí wọ́n ti kọ òfin eré náà sílẹ̀, ni wọ́n ń pè é ní eré àlejò. Kì í ṣe pé wọn kì í gbá a. Àwọn tó ń gbá a níbẹ̀, lọ́mọdé lágbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, lé ní mílíọ̀nù kan, kò sì sí eré ẹlẹ́gbẹ́ mìíràn tí àwọn tó ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iye ẹsẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọ́ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Irú ènìyàn tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ́ ni àríyànjiyàn náà dá lé.

Eré bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló ń du ọkàn àwọn ènìyàn náà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀lù ìlànà Ọsirélíà, tí ènìyàn 18 ń gbá ní ìhà kọ̀ọ̀kan lórí pápá ńlá tó rí bí ẹyin adìẹ, tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó náà nípàá, tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú un, tí wọ́n ń fò gun èjìká ara wọn láti hán an lófuurufú, tí òpó mẹ́rin tí kò ní àwọ̀n sì dúró ní orí pápá méjèèjì. Rọ́gbì oríṣi méjì ló tẹ̀ lé e, ti ẹlẹ́ni 13 tó gbilẹ̀ láàrin àwọn òṣìṣẹ́ Sydney àti Brisbane, àti ti ẹlẹ́ni 15 tí àwọn ilé-ìwé olówó gbówó lé. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ẹ̀kẹrin. Ní 1978, onímọ̀ ìtàn kan tí ń jẹ́ Ian Turner fi àwàdà fa ìlà kan sórí àwòrán ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, ó sì fi orúkọ Ron Barassi, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù Melbourne, pe ìlà ọ̀hún: gbogbo ohun tó wà ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ jẹ́ ti bọ́ọ̀lù ìlànà Ọsirélíà, gbogbo ohun tó wà ní àríwá àti ìlà-oòrùn rẹ̀ sì jẹ́ ti rọ́gbì. Àwàdà náà lóòótọ́ nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lò ó títí di ìsinsìnyí. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kò rí ogún kankan jẹ nínú ìpín yìí, bẹ́ẹ̀ ó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń gbá kárí ìhà méjèèjì ìlà náà.

Ìdí tí kò fi rí ogún jẹ kò ṣòro láti mọ̀: nígbà tí ó fi máa dé, àwọn yòókù ti jókòó. Ní 1859, àwọn ọkùnrin mélòó kan ní Melbourne, tí Tom Wills tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà wà lára wọn, kọ òfin bọ́ọ̀lù tiwọn sílẹ̀, ọdún mẹ́rin kí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fìdí múlẹ̀ ní London ní 1863. Ìlú tí wúrà ti sọ di ọlọ́rọ̀ ni Melbourne nígbà náà, ó ní pápá gbalasa, ó ní òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ń dilẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, ó sì fẹ́ nǹkan tí kò ní jẹ́ pé Ìlú Ọba ló ti kó o wá. Ọjọ́ Sátidé ìkẹyìn nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń gbá àṣekágbá eré náà, tí nǹkan bí 100,000 ènìyàn sì máa ń kún pápá ìṣeré kíríkẹ́ẹ̀tì Melbourne fọ́fọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria tilẹ̀ ti fi ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Kíríkẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ni eré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ni wọ́n sì fi ń bá Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọ̀gá wọn tẹ́lẹ̀ wọ̀yá ìjà láti 1877. Orílẹ̀-èdè tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ para pọ̀ ní 1901 ti ní eré tó fi ń sọ pé òun yàtọ̀ sí Ìlú Ọba, ó sì ti ní èyí tó fi ń sọ pé òun tó Ìlú Ọba í nà. Kí ló tún kù tí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá fẹ́ bá a ṣe?

Síbẹ̀, irọ́ gbáà ni pé àwọn àjèjì tó dé lẹ́yìn ogun ni wọ́n gbé eré náà wọ ìlú. Wọ́n ti ń gbá a ní Parramatta lẹ́bàá Sydney ní 1880, ó sì ti di eré àwọn awakùsà tí wọ́n wá láti Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ìlú èédú tó yí Newcastle ká, kí ìran Gíríìsì àti Ítálì tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rí kan wà tó ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àpótí igi kékeré kan ni, tí wọ́n fi pákó ilẹ̀ Ọsirélíà àti ti New Zealand kàn, tí páálí fàdákà tí wọ́n ń kó abẹ ìfárùngbọ̀n sí wà nínú rẹ̀. Inú páálí náà ni eérú sìgá méjì wà, ọ̀kan tí Alex Gibb, balógun ikọ̀ Ọsirélíà, mu, èkejì tí George Campbell, balógun ikọ̀ New Zealand, mu, nígbà tí ikọ̀ méjèèjì kojú ara wọn ní 1923. Páálí abẹ yẹn kì í ṣe páálí lásán. Ọmọ ogun kan ló ní in lápò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1915, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà àti New Zealand gúnlẹ̀ sí Gallipoli ní ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti ṣòfò. Ọjọ́ náà ni àwọn ará Ọsirélíà kà sí ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè wọn di orílẹ̀-èdè ní tòótọ́, wọn kì í sì í fi ọ̀wọ̀ rẹ̀ ṣeré. Láti 1995 ni ẹgbẹ́ Collingwood àti Essendon ti ń gbá bọ́ọ̀lù ìlànà Ọsirélíà ní Melbourne ní àyájọ́ ọjọ́ náà, tí kàkàkí ń dún tí gbogbo pápá sì ń dákẹ́ rọ́rọ́, débi pé ọmọ kékeré lè rò pé eré yẹn àti ogun yẹn jọ bí ara wọn ni.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ní ohun ìrántí Gallipoli lọ́wọ́ ní àádọ́rin ọdún lé díẹ̀ ṣáájú kí Collingwood àti Essendon tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje àyájọ́ náà, ó sì sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn 1954, kò sí ẹni tó mọ ibi tí àpótí náà wọlẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ìtàn díẹ̀ ló ń wá a kiri, títí wọ́n fi rí i ní 2023 nínú ẹrù tí olóògbé kan tó ti jẹ́ aláṣẹ nínú àjọ bọ́ọ̀lù fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Eré tí àwọn alábòójútó rẹ̀ kò bá mọ ibi tí wọ́n tọ́jú ìtàn ara wọn sí kò gbọdọ̀ bínú bí aráàlú bá sọ pé àná ló dé.

Ohun tó yí ojú eré náà padà pátápátá ni ètò ìkóniwọ̀lú tí Arthur Calwell, mínísítà àkọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Ogun Jàpáánì ti kó jìnnìjìnnì bá Ọsirélíà, wọ́n gbà pé ilẹ̀ gbàràmù tí ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀ kò ní lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ òfin 1901 ti sé ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ gan-an, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì tó, ni wọ́n bá gba àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, lẹ́yìn náà àwọn ará Ítálì, Gíríìsì, Málítà àti ilẹ̀ Yugoslavia. Àwọn wọ̀nyí bá eré wọn ní Ọsirélíà, ṣùgbọ́n wọn kò bá ìdílé. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wá di ìdílé. Ní Melbourne, àwọn ará Gíríìsì dá South Melbourne Hellas sílẹ̀ ní 1959. Ní Sydney, àwọn ará Ítálì ní APIA àti Marconi, àwọn ará Họ́ngárì ní Budapest, àwọn Júù ní Hakoah, àwọn ará Kroéṣíà sì ní tiwọn ní fẹ́ẹ̀rẹ̀ ìlú ńlá gbogbo. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tí ọ̀gá rẹ̀ kò lè pe orúkọ rẹ̀, ti ń di akápò tàbí alága ní Ọjọ́ Àìkú, tí ó ń sọ èdè rẹ̀, tí ó ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀, tí ó ń dáwó òkú. Ọmọ Yorùbá tó ti lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rí ní Peckham tàbí ní Houston kò ní bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwọn onílé kò fi ojú rere wo èyí. Èébú ni wọ́n fi ń pe eré náà, èébú kan náà tí wọ́n fi ń pe àwọn tó wá láti gúúsù Yúróòpù, ó sì di pé ọmọkùnrin tó bá yan bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá dípò rọ́gbì nílé-ìwé ń gbọ́ pé kì í ṣe ọkùnrin tó. Johnny Warren, ọmọ Sydney tí kò ní ìran Gíríìsì tàbí Ítálì kankan nínú, tó sì ti jẹ́ balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè náà, kó èébú mẹ́ta tí wọ́n ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ, ti obìnrin, ti àlejò àti ti ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, ó sì fi wọ́n ṣe orúkọ ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 2002. Wọ́n ka ìwé náà gan-an. Ó yẹ kí wọ́n kà á, nítorí pé ohun tí èébú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wí ni pé ará Ọsirélíà tòótọ́ jẹ́ ọkùnrin, ó jẹ́ ìran Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní ìfẹ́ tó ṣàjèjì. Ẹni tí kò bá bá àwòrán yìí mu ni wọ́n fi eré náà sílẹ̀ fún.

Ọ̀kan wà tí èébú náà tilẹ̀ gbàgbé. Àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn Aborigine tí wọ́n ti wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí Òyìnbó tó dé, rí àyè nínú bọ́ọ̀lù àwọn àlejò nígbà tí àwọn tó gba ilẹ̀ wọn kò fún wọn láyè. Charles Perkins, tí wọ́n bí sí Alice Springs ní 1936, tí wọ́n sì tọ́ ní ilé àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní Adelaide, lọ dán ara rẹ̀ wò ní ẹgbẹ́ Everton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wálé, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àwọn ará Kroéṣíà ní Adelaide àti ti àwọn ará Gíríìsì ní Sydney. Owó bọ́ọ̀lù ló fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ ní yunifásítì Sydney. Ní 1965, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí àwọn ìlú ìgbèríko níbi tí wọ́n ti ń ya ọmọ onílẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì kó àwọn ọmọdé onílẹ̀ ní Moree wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí òfin ìlú kọ̀ fún wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Moriarty ni ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sínú ikọ̀ Ọsirélíà ní 1960, ṣùgbọ́n kò rí i gbá, nítorí pé ọdún yẹn gan-an ni FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, fòfin de Ọsirélíà, lórí ẹ̀sùn pé àwọn ẹgbẹ́ àlejò ń kó agbábọ́ọ̀lù wọlé láti Austria láìsan owó ìràpadà fún ẹgbẹ́ tó ni wọ́n. Àwọn kan náà tó ṣílẹ̀kùn fún un ni ìwà wọn sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí òǹkàwé bá ń wá eré tí ìtàn Ọsirélíà lápapọ̀, ti onílẹ̀, ti agbàlẹ̀ àti ti àlejò, ti pàdé lójú kan, ibí yìí ló yẹ kó wò kí ó tó wo ibòmíràn.

Ní 1974, ikọ̀ tí Rale Rasic, ọmọ Yugoslavia, ń darí lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Agbábọ́ọ̀lù tó ní iṣẹ́ oòjọ́ mìíràn ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kò sì jẹ góólù kankan. Ọdún 1977 ni ìdíje ẹgbẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, eré bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó ní irú rẹ̀ ní Ọsirélíà, nígbà tí bọ́ọ̀lù ìlànà Ọsirélíà ṣì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ eré náà ti ń tijú àwọn tó gbé e dúró. Láti àárín àwọn ọdún 1990 síwájú, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ yọ orúkọ àti àmì ìran wọn kúrò lára aṣọ. Lẹ́yìn ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2003, Frank Lowy tó ni ilé ìtajà Westfield nígbà náà di alága àjọ bọ́ọ̀lù, wọ́n pa ìdíje àtijọ́ rẹ́ ní 2004, wọ́n sì dá ìdíje A-League sílẹ̀ ní 2005 pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́jọ, láìsí South Melbourne, láìsí Marconi, láìsí ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbajúgbajà ẹgbẹ́ tí ìran àlejò dá sílẹ̀. Lowy fúnra rẹ̀ ni àlejò: wọ́n bí i ní Czechoslovakia, ó dé Ọsirélíà ní 1952, ẹgbẹ́ Júù tí ń jẹ́ Hakoah ló sì kọ́kọ́ bá wọ inú bọ́ọ̀lù. Ó gbà pé aráàlú kò ní wá wo eré tó bá ń sọ èdè tí wọn kò gbọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ pé ó ṣì í pátápátá, torí pé èrò wá sí pápá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ gígé gbòǹgbò kò yàtọ̀ sí gígé ẹ̀ka lójú àwọn aláṣẹ.

Ọdún tí A-League bẹ̀rẹ̀ náà ni Ọsirélíà rí ohun tó ti ń wá láti ọdún 31 sẹ́yìn, ìyẹn àyè láti padà sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 2005, níwájú èrò tó lé ní 82,000 ní Sydney, Mark Bresciano jẹ góólù kan, ikọ̀ náà àti Uruguay di ọgbọọgba lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, Mark Schwarzer mú pẹ́nárítì méjì, John Aloisi sì gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, ó bọ́ ẹ̀wù, ó sáré yí pápá ká. Bresciano, Schwarzer, Aloisi: Ítálì, Jámánì, Ítálì. Àwọn tí wọ́n ti sọ pé kí wọ́n fi orúkọ ìran wọn sílẹ̀ nílé ni wọ́n ń pariwo orúkọ wọn nínú ilé ọtí gbogbo.

Èyí tó tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ ní Stuttgart ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 2006, nígbà tí Ọsirélíà kojú Kroéṣíà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Balógun Ọsirélíà ni Mark Viduka, ọmọ ìran Kroéṣíà tí ẹgbẹ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Melbourne tọ́ dàgbà. Aṣọ́lé Ọsirélíà lọ́jọ́ náà ni Zeljko Kalac, òun náà jẹ́ ọmọ ìran Kroéṣíà láti Sydney. Ní òdì kejì, Josip Simunic tó ń dènà fún Kroéṣíà ni wọ́n bí sí Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà, ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá tí ìjọba Ọsirélíà dá sílẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́. Àwọn méjì mìíràn nínú ikọ̀ Kroéṣíà, Seric àti Didulica, ni wọ́n bí sí Ọsirélíà pẹ̀lú. Adarí eré, Graham Poll, fi káàdì yẹ́lò han Simunic nígbà mẹ́ta kí ó tó lé e jáde, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni òfin wí, nítorí pé ó ti ṣèèṣì kọ ọ̀kan nínú wọn sábẹ́ nọ́ńbà 3 ti Ọsirélíà. Poll ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé bí Simunic ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ọsirélíà wà lára ohun tó da òun lójú rú. Àmì ayò méjì sí méjì ni wọ́n parí rẹ̀ sí, Harry Kewell ló jẹ èkejì fún Ọsirélíà, wọ́n sì bọ́ sí ìpele tó kàn, níbi tí Ítálì ti lé wọn jáde pẹ̀lú pẹ́nárítì ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Àwọn kan di pẹ́nárítì yẹn mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé eré àwọn tí ń ṣubú kí wọ́n lè rí nǹkan gbà ni bọ́ọ̀lù, kò sì bá ìwà ọkùnrin Ọsirélíà mu. Àríyànjiyàn tó rọrùn ni. Ẹni tó bá ti wo bí àwọn ará kíríkẹ́ẹ̀tì Ọsirélíà ṣe fi bébà oníyanrìn ha bọ́ọ̀lù ní Cape Town ní 2018 yóò mọ̀ pé ọgbọ́n àrékérekè kì í ṣe ti ẹ̀yà kan.

Nǹkan kan tún wà tí bọ́ọ̀lù ń ṣe tí àwọn yòókù kò lè ṣe. Bọ́ọ̀lù ìlànà Ọsirélíà kò ní ẹni tí yóò bá díje lẹ́yìn odi. Kíríkẹ́ẹ̀tì àti rọ́gbì ń bá àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba lé lórí ṣeré jù. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2006 tí Ọsirélíà ti wọ àjọ bọ́ọ̀lù Éṣíà, ó di dandan fún un láti máa lọ sí Tehran, Tashkent àti Riyadh lọ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ níbi tí wọ́n wà, kó sì máa gbà wọ́n lálejò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2015, Ange Postecoglou, tí wọ́n gbé wá láti Gíríìsì ní ọmọ ọdún márùn-ún, tó sì dàgbà nínú South Melbourne, darí ikọ̀ tó na Kòríà Gúúsù ní Sydney láti gba ife Éṣíà. Orílẹ̀-èdè tó fi òfin sé Éṣíà mọ́ta ní 1901 wá di ẹni tó ń yọ̀ pé òun ni ọ̀gá Éṣíà.

Ti àwọn obìnrin ni ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ikọ̀ tí wọ́n ń pè ní Matildas, orúkọ tí aráàlú dìbò yàn ní 1995, ti jẹ ìyà owó débi pé ní 1999 wọ́n ya àwòrán ìhòòhò ara wọn sínú kàlẹ́ńdà láti fi wá owó, ọdún 2019 ni wọ́n sì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó mú owó wọn dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin. Sam Kerr, olórí wọn, jẹ́ ọmọ ìdílé bọ́ọ̀lù ìlànà Ọsirélíà ní Perth. Baba rẹ̀ tí wọ́n bí sí Calcutta gbá a, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Daniel gbá a fún West Coast Eagles, òun náà gbá a títí ó fi di ọmọ ọdún méjìlá, kí ó tó yà sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nítorí pé kò sí àyè fún ọmọbìnrin mọ́. Nígbà tí Ọsirélíà àti New Zealand jọ gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin ní 2023, ẹsẹ̀ Kerr ń dùn ún, ikọ̀ náà sì fẹ́ẹ̀ tẹ́ ní Brisbane ní ọjọ́ 27 oṣù keje. Nàìjíríà ló fẹ́ẹ̀ tẹ́ wọn. Ọsirélíà ló kọ́kọ́ jẹ góólù, Uchenna Kanu dá a padà, Osinachi Ohale fi kún un, lẹ́yìn náà Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, wọlé láti orí àga, ó ṣọ́ ibi tí adènà àti aṣọ́lé ti ń wo ara wọn, ó fi igun tóóró gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé, ó sì bọ́ ẹ̀wù. Àmì ayò mẹ́ta sí méjì ni. Èrò tó fẹ́ẹ̀ tó 50,000 dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bomi paná, inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì ni ẹ̀rí wà: ènìyàn kì í sunkún nítorí eré àlejò.

Wọ́n borí Canada, wọ́n borí Denmark, wọ́n sì gbá pẹ́nárítì pẹ̀lú Faransé ní Brisbane títí Cortnee Vine fi gbá tirẹ̀ wọlé. Àwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù ìlànà Ọsirélíà lọ́jọ́ náà ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ yí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ká nínú pápá tiwọn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì nà wọ́n ní 3 sí 1 ní Sydney ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, ó lé ní mílíọ̀nù 11 ènìyàn tó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n nínú orílẹ̀-èdè tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 26.

Àwọn kan sọ lẹ́yìn èyí pé ẹjọ́ ti parí. Kò tíì parí, nítorí pé aráàlú fẹ́ràn ikọ̀ orílẹ̀-èdè, wọn kò fẹ́ràn ìdíje ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìfẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin kì í gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí Ọsirélíà ń wá bí yóò ṣe gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ìlànà Ọsirélíà kò fẹ́ yọ̀ǹda pápá wọn, ìbò kan péré sì ni orílẹ̀-èdè náà rí ní Zurich ní 2010 lẹ́yìn tí ìjọba ti ná mílíọ̀nù dọ́là tó lé ní 40. Ní oṣù kejìlá 2022, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ikọ̀ ọkùnrin ṣe dáadáa ní Qatar, àwọn aláṣẹ A-League ta ẹ̀tọ́ àṣekágbá ìdíje náà fún Sydney, àwọn alátìlẹ́yìn Melbourne fi ẹ̀hónú hàn, àwọn kan ya wọ pápá, wọ́n sì fi garawa irin ṣe aṣọ́lé Tom Glover léṣe. Òtítọ́ sì ni pé àwọn ẹgbẹ́ ìran náà ní ẹ̀gbin tiwọn: nínú àṣekágbá Australia Cup ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àwọn kan lára àwọn alátìlẹ́yìn Sydney United nawọ́ sókè bí ti àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler, wọ́n sì pariwo mọ́ ọmọ onílẹ̀ tó ń kí àwọn ènìyàn káàbọ̀. Kò sí ẹni tó lè gbé èyí pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ gbòǹgbò.

Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń bá wí, wọn kì í torí rẹ̀ lé gbogbo agbo ilé. Lójú àròkọ yìí, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá bá Ọsirélíà mu ju bí àwọn tó ń darí rẹ̀ ṣe gbà gbọ́ lọ. Kò bá àwòrán Ọsirélíà kan mu, èyí tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin ìran Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán yẹn sì ti ṣá. Awer Mabil tí wọ́n bí sí àgọ́ àwọn asásálà ní Kakuma ní Kenya wà lára àwọn tó gbá pẹ́nárítì tó gbé Ọsirélíà lọ sí Qatar. Ohun tí ó kù ni kí eré náà gba àwọn tó bí i padà, ìgbésẹ̀ kan sì ti wáyé lórí èyí: ní 2019 ni àjọ bọ́ọ̀lù fagi lé òfin tó ń de orúkọ àti àmì ìran, ní oṣù kẹwàá 2025 sì ni ìdíje tuntun kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ A-League, tí South Melbourne, Heidelberg, Preston, Marconi àti APIA wà nínú rẹ̀.